Màámi, hítà àti máìlì tó kù: bá a ṣe gbé mọ́tò oníná láti Salford dé Glasgow nínú òtútù

Ká ní èmi nìkan ni mò ń lọ, mi ò bá tí ṣe ìṣirò kankan. Bí mọ́tò bá dákẹ́ sójú ọ̀nà, mo máa wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì, mo máa pe àwọn tó ń wọ́ ọkọ̀, tó bá sì di alẹ́, mo ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ lórí WhatsApp. Ṣùgbọ́n màámi ló fẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹni ọdún 71 ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn gúnlẹ̀ sí Manchester. Òtútù tí wọ́n mọ̀ kò ju ti ọyẹ́ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bímọ sí Glasgow, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Ẹ̀yin náà mọ bá a ṣe ń ka ọjọ́: ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí Àìkú tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ìsọmọlórúkọ. Ta ló fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ nígbà tí ìyá àgbà wà ní Salford tó ń wo fídíò? Nítorí náà, ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan la ní. Báàgì mẹ́rin ló bá màámi wá: èlùbọ́, gàrí, ata gígún, ọṣẹ dúdú, òrí, àtàwọn nǹkan míì tí mi ò bèèrè bí wọ́n ṣe gba ọwọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kọjá. Báàgì mẹ́rin àti orúnkún tó ń dùn kì í ṣe ẹrù reluwé. Mọ́tò mi la máa gbé.

Nissan Leaf ọdún 2016 ni mọ́tò náà, àlòkù ni mo rà á. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ 30 kWh. Ẹ ṣáà ka kWh sí jálá epo tiwọn. Nígbà tó wà ní tuntun, ìdánwò tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù nígbà yẹn ní ó lè rin máìlì 155 kí iná tó tán. Ìdánwò tìjọba Amẹ́ríkà ní máìlì 107 ni. Mọ́tò kan náà o. Tèmi tó ti ń lọ sí ọdún mẹ́sàn-án, bátìrì ti gbó díẹ̀, ohun tí mò ń rí lò nínú 30 yẹn kò ju bíi 26 lọ. Nígbà ooru, mo lè rin 100 máìlì. Láti Salford dé Glasgow jẹ́ nǹkan bíi 215. Ẹni tó bá ń fi ojú ooru ṣe ìṣirò á ní ká dúró ṣáájì lẹ́ẹ̀mejì péré, ó parí. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ló ń kó èèyàn sínú wàhálà.

Nǹkan méjì ni òtútù ń ṣe fún mọ́tò oníná, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Èkíní, bátìrì fúnra rẹ̀. Nínú bátìrì lithium, àwọn èròjà kan ló ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì kí iná tó jáde. Tí òtútù bá mú, ìrìn wọn máa ń falẹ̀. Iná ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kò rọrùn fún un láti jáde, kò sì rọrùn fún tuntun láti wọlé. Ìdí nìyẹn tí ṣájà tó ń lo ìṣẹ́jú 30 nígbà ooru fi lè lo 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà inú mọ́tò ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dín in kù, torí tí wọ́n bá fi tipátipá rọ iná sínú bátìrì tó ti tutù wọra, ó lè bà á jẹ́ pátápátá.

Èkejì ni hítà. Mọ́tò epo máa ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú agbára epo ṣòfò sórí ooru, ooru òfò yẹn náà ni wọ́n ń darí sí ẹsẹ̀ yín. Ọ̀fẹ́ ni. Mọ́tò oníná kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòfò, ìdí nìyẹn tí kò fi ní ooru ọ̀fẹ́ kankan. Inú bátìrì kan náà tó ń yí táyà ni hítà ti ń jẹun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní inverter nílé, ẹ mọ̀ pé iná gílóòbù àti fáànù kì í pa inverter. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ máa gbọ́ igbe. Hítà inú mọ́tò tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi tó áyọ́ọ̀nù mẹ́ta.

Lọ́dún 2019, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní AAA dán mọ́tò oníná márùn-ún wò nínú òtútù tó tó −7°C. Láì tan hítà, ọ̀nà tí mọ́tò lè rìn fi nǹkan bíi 12% dín kù. Nígbà tí wọ́n tan hítà, ó di 41%. Ẹ tún un kà. Ooru tí à ń fẹ́ sára ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú máìlì wa lọ. Òun náà sì ni màámi nílò jù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé mọ́tò náà jáde lọ sí ojú M61, mo ń sá 60 máìlì ní wákàtí kan, mo tan hítà lọ, mo pa á bọ̀. Mi ò wo nọ́ńbà tí mọ́tò ń kọ sójú gíláàsì pé "máìlì báyìí ló kù". Mítà àfojúdá ni mò ń pe ìyẹn. Bẹ́ ẹ ṣe wa mọ́tò lánàá ló fi ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ òní, kò mọ̀ pé òkè ńbẹ níwájú. Ohun tí mo wò ni iye máìlì tí kWh kan gbé mi rìn. Pẹ̀lú hítà, 2.7. Láì tan hítà, tí mo kàn tan síìtì oníná nìkan, 3.3. Ẹ fi 26 ṣe ìsọdipúpọ̀ rẹ̀: 70 máìlì lọ́wọ́ kan, 86 lọ́wọ́ kejì. Máìlì 16 ni owó orí ooru màámi lórí bátìrì kan. Mo bá gbà pé a máa tan hítà sí ìwọ̀nba, mo sì fi 2.9 ṣe gbogbo ìṣirò mi.

Ibi tó wá yẹ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí rèé, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ ò lè lo gbogbo bátìrì. Lókè, láti 80% lọ, ṣájà kíákíá á bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sun bí omi tí wọ́n ń bu sínú ìgò tó fẹ́ kún; ẹ lè fi ogún ìṣẹ́jú dúró fún 10% tó kù. Nísàlẹ̀, mo ti búra pé mi ò ní dé ibi ṣájà kankan pẹ̀lú ohun tó dín sí 20%, torí ṣájà ọ̀hún lè ti kú. Ó wá ku 60% láàárín. Ìdá 60 nínú 26 jẹ́ bíi 15.6 kWh, ẹ fi 2.9 sọ ọ́ dipúpọ̀, ó di 45 máìlì. Mọ́tò tó ń rin 100 máìlì nígbà ooru ti di mọ́tò oní-45. Ẹni tó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó kúrò nílé, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Bí mo ṣe tò ó nìyí: Salford sí Lancaster, 50 máìlì, torí pé 100% la máa fi kúrò nílé. Lancaster sí Penrith, 50 míì, tí òkè Shap wà láàárín. Ibẹ̀ ni M6 ti ga ju ibòmíràn lọ, ó lé ní 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà mo ní láti dúró ní Lancaster títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 90%. Penrith sí Gretna, nǹkan bí 30. Gretna sí Abington, 47, òkè Beattock wà níbẹ̀. Abington sí Glasgow, bíi 38, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ibi mẹ́rin la máa dúró. Mo wá gbogbo ṣájà náà lórí Zapmap, mo sì kọ ṣájà kejì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí mo lè fi ìyókù iná dé. Ìwé ni mo kọ ọ́ sí o, kì í ṣe fóònù. Fóònù náà ń bẹ̀rù òtútù.

Mi ò ní gáréèjì, mi ò sì ní àyè iwájú ilé tí mo lè na wáyà sí. Yàrá kan ni mo háyà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta. Ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ti rà ilé ni mọ́tò sùn mọ́jú, wáyà wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè ṣètò pé kó bẹ̀rẹ̀ sí í mú inú ara rẹ̀ gbóná láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí, iná ilé ló sì ń lò, kì í ṣe ti bátìrì. Nígbà tí màámi wọlé ní aago méje ààbọ̀, ìta jẹ́ −5, inú mọ́tò gbóná bí yàrá. Wọ́n ní, "Àjàní, mọ́tò yìí mà dáa o." (Ọ̀rẹ́ mi gba £3 iná rẹ̀. Ará Ìjẹ̀bú ni.) Mo da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n lẹ́sẹ̀, mo gbé rọ́bà omi gbígbóná lé wọn lórúnkún, mo tan síìtì oníná. Flásíìkì ògì wà lọ́wọ́ wọn. Mo ti fẹ́ táyà kún láàárọ̀, torí òtútù máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn inú rẹ̀ sún kì, táyà tó rọ̀ sì ń jẹ iná.

Lancaster lọ bí mo ṣe kọ ọ́. Màámi wo ṣájà, wọ́n wo wáyà, wọ́n ní, "Bíi fóònù gan-an." Wọ́n bá fi ogójì ìṣẹ́jú sọ fún mi nípa ẹni tó kú àti ẹni tó kọ́lé ní Mọ́níyà.

A gun Shap. Yìnyín wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn àgùntàn dúró bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Iná ń já wálẹ̀ lójú mi: 55, 48, 41. Mo mọ̀ pé tá a bá ń sọ̀ kalẹ̀, mọ́tò á gba díẹ̀ padà, torí tẹ́ ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tìróòtù, mọ́tọ́ọ̀ á di jẹnẹrétọ̀. Ó gbà á padà lóòótọ́. A dé tòsí Penrith pẹ̀lú 19%.

Ṣájà méjì ló wà níbi tí mo yàn. Ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Ojú ìkínní ṣú bí òru. Ìkejì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu tó bá mọ́tò mi mu kò dáhùn. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé: ẹnu méjì ló wà fún ṣájà kíákíá. CHAdeMO tí wọ́n ṣe ní Japan ni Leaf mi ń lò. CCS ni àwọn mọ́tò tuntun ní Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ ń lò tán báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú mọ́tò mi torí pé kò wọ́n, kí ó kọ́kọ́ ka iye CHAdeMO tó wà lójú ọ̀nà tó máa ń gbà. Ọkùnrin kan gbé mọ́tò tuntun dé, ó ki CCS bọ̀ ọ́, ó ra kọfí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn.

Màámi wò mí láti inú mọ́tò, wọ́n sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀. "Ṣé NẸ́PÀ ti gba iná ni?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára ṣájà. Obìnrin tó gbé e ṣe dáadáa, ó tún ẹ̀rọ náà tàn láti ibi tó wà lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́. Ohun tó dùn mí ni pé òfin wà. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2024, òfin Britain ti sọ pé àpapọ̀ ṣájà kíákíá tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n 99% láàárín ọdún. Ṣùgbọ́n ìṣirò gbogbo ọdún, gbogbo ìlú, lèyí. Ẹni tó bá ìdá kan tó kù pàdé ní −2, pẹ̀lú ìyá rẹ̀, 100% tiẹ̀ ló bàjẹ́.

Ìwé mi ló gbà mí. Mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé ṣájà kékeré kan wà níbi ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, máìlì méjì péré. Jẹ́ẹ́jẹ́ la lọ síbẹ̀. Ṣájà kékeré kò lókùn, okùn tèmi wà nínú búùtù, lábẹ́ báàgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kó èlùbọ́ sílẹ̀ lórí yìnyín lójú gbogbo ará Penrith. Irú ṣájà yẹn kò lè fún mọ́tò mi ju bíi kWh mẹ́fà àbọ̀ ní wákàtí kan. Wákàtí kan ààbọ̀ la lò. Màámi wà nínú ṣọ́ọ̀bù níbi tó móoru, wọ́n mu tíì, wọ́n sì ń fi ₦1,900 sọ gbogbo owó tòmátì di náírà títí orí fi ń fọ́ wọn.

Ìgbà tí mò ń sanwó ibẹ̀ ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi gan-an, kì í sì í ṣe nítorí òtútù. Iná tí ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú ń lò nílé rẹ̀, VAT 5% ni ìjọba ń gbà lórí rẹ̀. Lórí iná kan náà, tẹ́ ẹ bá ti rà á níta, 20% ni lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Tún wo owó iná fúnra rẹ̀: ẹni tó ní ilé tiẹ̀ lè máa ṣáájì lóru ní ohun tó dín sí kọ́bọ̀ mẹ́wàá wọn fún kWh kan, èmi san ju kọ́bọ̀ 70 lọ lẹ́bàá márosẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn lé ní £38. Mọ́tò epo kékeré ò bá jẹ bíi £30. Ẹni tó ń háyà yàrá, tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wà nínú wọn, ló ń san jù, kí olówó ilé lè máa sọ fún wa pé mọ́tò oníná ń dín ìnáwó kù. Ó ń dín tiwọn kù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òtútù ló fà á. Norway tutù ju ibí lọ fíìfíì. Lọ́dún 2024, nínú mọ́tò tuntun mẹ́wàá tí wọ́n tà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó jẹ́ oníná pọ́ńbélé. Wọn ò ní bátìrì tí òtútù kì í mú. Ṣájà ni wọ́n ní. Ní Chicago, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 ni mọ́tò oníná tò bẹẹrẹ níwájú ṣájà, tí àwọn kan kú síbẹ̀. Iná tó wọlé kò tètè tó, ìlà sì gùn.

A kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn aago kan, a ṣáájì ní Gretna, a wọ ilẹ̀ Scotland. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wọn −18.9°C ní Altnaharra, lókè àríwá ibẹ̀ lọ́hùn-ún. Tiwa lójú M74 kò burú tó bẹ́ẹ̀, ó wà ní −3, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń kọjú sí wa. Kí a tó dé orí Beattock, mo rí i pé ìṣirò mi ti ń yẹ̀. 2.9 ti di 2.5. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, 10% ni máa fi dé Abington.

Màámi ti sùn. Ọwọ́ mi lọ sórí bọ́tìnì hítà, mo sì pa á. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, gíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í rúu, wọ́n sì fa bùláńkẹ́ẹ̀tì dé ọrùn lójú oorun láì sọ nǹkan kan. Ojú tì mí. Mo tan hítà padà, mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe: mo kó sẹ́yìn tírélà kan, níbi tí àyè tó dáa ṣì wà láàárín wa, mo sì já eré wálẹ̀ sí 50. Atẹ́gùn tí mọ́tò ń bá jà kì í dín kù díẹ̀díẹ̀ bí eré ṣe ń dín. Láti 60 sí 50, ó ń fi bí ìdá mẹ́ta dín kù. Hítà náà á pẹ́ díẹ̀ sí i lóòótọ́, torí a máa pẹ́ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ ju àdánù lọ. Gbogbo àwọn tó ń kọ́ni lórí fídíò pé ká pa hítà, ká wọ ìbọ̀wọ́, wọn ò gbé àgbàlagbà rí. Ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó pa hítà. A pàdánù ìṣẹ́jú mẹ́wàá. A dé Abington pẹ̀lú 18%.

Aago márùn-ún ku díẹ̀ la dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n mi ní Glasgow, ilẹ̀ ti ṣú. Wákàtí mẹ́sàn-án àti díẹ̀, fún ọ̀nà tí mọ́tò epo á fi mẹ́rin rìn. Ìyàwó ẹgbọ́n ọkọ rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà léjìká rẹ̀. Màámi ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n fi na ọwọ́. Wọ́n gbé ọmọ náà mọ́ àyà, wọ́n wo ojú rẹ̀ pẹ́, wọ́n wá ní, "Ọwọ́ ìyá àgbà gbóná, àbí? Mọ́tò bàbá kékeré ẹ ni."

Nígbà tá a jẹun tán, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àwọn ará ilé bí èlùbọ́ ṣe jókòó sórí yìnyín. Oṣù Kẹrin ni wọ́n máa padà sí Manchester láti wọ bàálù. Mo ti ní kí wọ́n má ṣèyọnu, ooru á ti dé nígbà náà, ibi méjì tàbí mẹ́ta péré la máa dúró. Wọ́n ní wọ́n dúpẹ́, reluwé ni àwọn máa wọ̀. Kí èmi fi mọ́tò wá kó báàgì.